Oríkèé Párì Ehoro: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Yíya Fọ́tò Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ Rẹ̀

Ehoro tó sún mọ́ oúnjẹ, tó gbóòórùn rẹ̀, tó tún fà sẹ́yìn láìjẹ, ebi ń pa á, ẹnu ni kò gbà fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, eyín ló fà á. Nígbà mìíràn, wọ́n á wo eyín títí, wọn ò ní rí ohun gidi kan, nítorí pé ibi tí párì ti so mọ́ agbárí ni àrùn fara pamọ́ sí. Oríkèé kékeré yẹn la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tó ń sin ehoro ni mo ní lọ́kàn, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran tí wọ́n ti mọ orí ajá dunjú, àmọ́ tí orí ehoro ṣì ń rú lójú.

Níbo gan-an ni oríkèé yìí wà? Mo fọwọ́ wá a, n kò rí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ojú. Egungun kan wà níbẹ̀ tó yọ síta, tó gba ẹ̀gbẹ́ orí lọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní egungun òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Kí ìka yín tó kan ìdí etí, níbi tí egungun náà ti fẹ́ tán, abẹ́ rẹ̀ ni oríkèé wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Iṣan bò ó, awọ àti irun tún bo iṣan, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀bi yín bí ọwọ́ yín kò bá bá a. Ìgbà tí ehoro bá ń jẹ koríko lọ́wọ́ ló rọrùn jù láti mọ̀ pé nǹkan ń lọ, ó ń bọ̀, lábẹ́ ìka.

Àwọn tó yí oríkèé yìí ká ṣe pàtàkì ju oríkèé fúnra rẹ̀ lọ. Ojú, tó tóbi gan-an lára ehoro, wà níwájú rẹ̀. Àpò egungun etí àárín wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí àwọn eyín tó gbẹ̀yìn kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí mọ bó ṣe ń rí: èéfín ìdáná yàrá kan kì í dúró sí yàrá yẹn. Bí etí bá ń sọyún, oríkèé lè gbà nínú rẹ̀. Bí ìdí eyín bá ń jẹrà, oríkèé tàbí ojú lè gbà nínú rẹ̀. Dókítà tó bá wo oríkèé nìkan láìwo eyín àti etí, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ṣé ó yàtọ̀ sí ti ajá? Ìwé tí mo kà lórí ajá ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Ó yàtọ̀ gan-an, ẹ má ṣe fi ti ajá ṣe é. Orí párì ajá, ìyẹn ibi tí egungun párì ti wọ agbárí, gùn ní ìbú, ó jókòó sínú kòtò, egungun kan sì yọ lẹ́yìn kòtò náà tó dá a dúró kó má bàa yọ̀ sẹ́yìn. Ṣíṣí àti pípadé ni iṣẹ́ rẹ̀, torí ẹran ni ajá ń gé.

Ehoro kì í gé ẹran. Orí párì tirẹ̀ gùn láti iwájú sí ẹ̀yìn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí egungun kankan tó dí i lẹ́yìn. Ohun tó wà lókè rẹ̀ kì í ṣe kòtò jíjìn, ojú egungun tó fẹ̀ ní ìbú ni, èyí tí orí párì lè yọ́ lórí rẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Gíga rẹ̀ náà yàtọ̀: oríkèé ehoro ga ju ibi tí eyín ti ń pàdé lọ fíìfíì, nígbà tí ti ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ipele kan náà pẹ̀lú eyín. Nítorí gíga yìí, gbogbo eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ehoro lè fara kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà láti lọ koríko.

Ẹ wo iṣan náà. Iṣan tó ń gba ẹ̀gbẹ́ orí bọ̀ láti di párì mú, tó lágbára lára ajá, kéré lára ehoro. Egungun ṣóńṣó tí iṣan náà máa ń so mọ́ lórí párì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Masseter, iṣan ńlá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, òun ló sì mú kí ẹ̀yìn párì ehoro fẹ̀, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyẹn náà ni iṣan tí oníṣẹ́ abẹ yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Ti ènìyàn wà láàárín méjèèjì. Párì wa máa ń yí, ó sì máa ń yọ́ síwájú nígbà tí a bá la ẹnu gbàgà. Ehoro kì í la ẹnu gbàgà. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣí púpọ̀, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì tún máa ń wọ àárín.

Wọ́n ní dísìkì kan wà nínú rẹ̀. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Awẹ́ pẹlẹbẹ kan tó le díẹ̀, tó sì rọ̀ díẹ̀, ló wà láàárín orí párì àti agbárí. Ó pín inú oríkèé sí yàrá méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, omi yíyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dísìkì ni kò jẹ́ kí egungun máa ha egungun. X-ray kò lè fi í hàn yín.

Báwo ni oríkèé yìí ṣe kan gígùn eyín ehoro?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ehoro ní eyín 28. Mẹ́rin lókè níwájú, torí eyín kékeré méjì wà lẹ́yìn àwọn ńlá méjì, méjì nísàlẹ̀ níwájú, àwọn yòókù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn pátá ló ń hù títí ehoro yóò fi kú. Eyín iwájú lè ga sí i ní mìlímítà 2 sí 3 lọ́sẹ̀ kan. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọ́n ń lọ ara wọn, koríko sì ń lọ̀ wọ́n. Párì ìsàlẹ̀ ehoro kéré ní fífẹ̀ ju ti òkè lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló lè fi jẹun lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti rẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó yí sósì. Bó bá ń jẹ koríko, párì ń lọ ń bọ̀ ní bí ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ń padà. Àwọn egungun párì méjèèjì kò tilẹ̀ dì pọ̀ di ọ̀kan níwájú àgbọ̀n. Ohun rírọ̀ ló so wọ́n pọ̀ títí ayé ehoro.

Wàyí o, kí oríkèé ọ̀tún máa dun ehoro. Yóò dẹ́kun fífi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún jẹun bó ṣe yẹ, tàbí kó dín bí párì ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ kù. Eyín tí kò rí ohun lọ̀ ọ́ yóò máa gùn. Àwọn ti ìsàlẹ̀ máa ń yọ ṣóńṣó sápá ahọ́n, àwọn ti òkè sápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣóńṣó yìí yóò sì máa gún ẹran ẹnu. Ìrora tuntun dé, ehoro tún dín jíjẹ koríko kù, eyín tún gùn sí i. Nígbà tó bá ṣe, eyín kò ní rí àyè gùn sókè mọ́, ìdí rẹ̀ ni yóò máa tì sínú egungun. Ti ìsàlẹ̀ á hàn bíi kókó lábẹ́ àgbọ̀n bí ẹ bá fọwọ́ tọ̀ ọ́. Ti òkè á ti ojú tàbí di ọ̀nà omijé, ojú á máa ṣomi.

Ó tún lè bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì: eyín ló kọ́kọ́ bàjẹ́, párì wá ń rìn wọ́gọwọ̀gọ láti yẹra fún un, oríkèé wá ń jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú ehoro bẹ́ẹ̀ dé, ó máa ń ṣòro láti mọ èwo ló ṣáájú. Èmi kì í jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni kí wọ́n máa gé eyín ehoro kan ní gbogbo ìgbà, ọdún ń yí lu ọdún, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè ìdí tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo fi ń gùn.

Àwọn àmì wo ló yẹ kí n máa wò?

Ìgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: á kéré, á dín kù. Ehoro á máa ṣa oúnjẹ rírọ̀ jẹ, á fi koríko sílẹ̀. Itọ́ á máa rin àgbọ̀n àti àyà rẹ̀. Ó lè máa ja eyín gàgàgà pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀, ìrora nìyẹn (ìró eyín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ pa á lórí kì í ṣe ìrora, ara rẹ̀ ló yá). Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lè rù ju èkejì lọ. Ibì kan lè wú níwájú etí.

Bí orí bá tún wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ronú etí, àmọ́ ẹ mọ̀ pé kòkòrò Encephalitozoon cuniculi tó ń bá ọpọlọ ehoro jà náà máa ń fa irú rẹ̀. Àwòrán ló lè jẹ́rìí sí ti etí.

Ehoro tí kò bá jẹun láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ má sùn lé e. Ìfun ehoro kì í fẹ́ dúró.

Ṣé X-ray kò tó?

Ó tó láti bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀, kò wọ́n tó CT (ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ní wẹ́wẹ́), ó sì ń fi ìdí eyín hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń yà, kò lè sọ nǹkan kan nípa oríkèé, torí oríkèé ọ̀tún àti ti òsì á dà lé ara wọn, egungun etí á tún dà lé wọn lórí. Dókítà tó mọ iṣẹ́ á ya márùn-ún: láti ẹ̀gbẹ́, méjì tí orí dà díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yọ kúrò lẹ́yìn èkejì, ọ̀kan láti òkè, àti ọ̀kan tí ìtànṣán gba imú wọlé, tó gba ẹ̀yìn orí jáde. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń fi oríkèé méjèèjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun náà ló sì ṣòro jù láti yà. Bí orí bá fi díẹ̀ wọ́, oríkèé kan á dà bíi pé ó fẹ̀ ju èkejì lọ, ènìyàn á wá máa wo àrùn tí kò sí.

Nítorí èyí, ẹ má retí pé kí dókítà di ehoro mú kó sì ya gbogbo rẹ̀ láìfún un ní oògùn oorun. Ehoro tó ń jà lè ṣẹ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Egungun rẹ̀ fẹ́lẹ́: nínú ìwọ̀n ara ehoro, bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni egungun, nígbà tí ti ológbò tó 12 sí 13.

Kí ni CT fi sàn ju X-ray lọ? Mo gbọ́ pé owó rẹ̀ pọ̀.

Láti ọdún 1971 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí wo orí aláìsàn ní London, ohun kan náà ló ń ṣe: ó ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́, kò sì jẹ́ kí egungun kan dà lé èkejì lójú. Fún orí ehoro, ohun tí a fẹ́ ni kí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan má ju mìlímítà 1 lọ; ìdajì mìlímítà dára jù. Oríkèé náà kéré, bí wẹ́wẹ́ bá nípọn, ẹ̀rọ á fò ó kọjá.

Lẹ́yìn yíyà, kọ̀ǹpútà lè yí àwòrán náà sí ìhà tí dókítà bá fẹ́. Ìhà mẹ́ta ni mo máa ń fẹ́ rí. Àkọ́kọ́, èyí tó gé orí ní ìbú, tí mo ti lè fi ọ̀tún wé òsì. Èkejì, èyí tó gba inú oríkèé kan ṣoṣo láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí gígùn orí párì ehoro wà ní ìhà yẹn. Ẹ̀kẹta, èyí tó tẹ́ bí ilẹ̀, tó ń fi etí àárín àti oríkèé hàn pa pọ̀. Ohun tí ojú ń wá ni ibi tí egungun ti jẹ, tí etí rẹ̀ kò dán mọ́. Egungun tuntun tó hù síbi tí kò yẹ. Àyè oríkèé tó fún tàbí tó ṣí jù. Orí párì tó kúrò ní ipò rẹ̀ tàbí tó dá. Bí àpò egungun etí bá kún dípò kó ní afẹ́fẹ́ nínú, ìtàn ti yí padà nìyẹn. Wọ́n lè gún oògùn àwòrán sínú òpó ẹ̀jẹ̀ etí, kí wọ́n tún un yà. Ara eéwo á mọ́lẹ̀ yípo, ọyún àárín rẹ̀ á dúdú.

Ìṣọ́ra kan fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: orí párì ọmọ ehoro kò tíì di egungun tán. Ibi tí ẹ rí tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa lè má jẹ́ ibi tí àrùn ti jẹ ẹ́.

Ní ti owó, bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CT wà. Ilé ìwòsàn ẹran tó so mọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB l'Abẹ́òkúta ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá sí, wọ́n á sọ bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Bí kò bá sí ọ̀nà CT tó ń gé wẹ́wẹ́ tínínrín, X-ray márùn-ún tó yanjú sàn ju CT tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ nínípọn yà lọ. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kan oríkèé yìí láìrí àwòrán CT, ẹ ní kó dúró ná.

MRI ńkọ́?

MRI, ẹ̀rọ àwòrán tó ń lo agbára mágnẹ́ẹ̀tì, ló ń fi dísìkì, omi inú oríkèé àti iṣan hàn. Ó dára fún ìwádìí. Fún ehoro tó ń ṣàìsàn, ó máa ń pẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ, oògùn oorun á sì pẹ́ lára rẹ̀, ohun tó ń dùn ún sì sábà máa ń jẹ́ ti egungun tàbí ti ọyún, tí CT rí dáadáa. N kì í sábà bèèrè fún un.

Kí ló ń ba oríkèé yìí jẹ́ gan-an?

Ọyún ni àkọ́kọ́. Ó lè wá láti ìdí eyín, ó lè wá láti etí àárín, pàápàá lára àwọn ehoro tí etí wọn wọ́ lulẹ̀, tí ihò etí wọn fún, tí afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́. Pasteurella multocida àti Staphylococcus aureus wà lára àwọn kòkòrò tí wọ́n máa ń bá níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Kí ehoro já bọ́ láti orí tábìlì, kí ajá bù ú jẹ, ìyẹn náà lè dá orí párì.

Èyí tí a kì í fẹ́ sọ jáde ni pé ọwọ́ àwa oníṣègùn náà máa ń bà á jẹ́. Irin tí wọ́n fi ń la ẹnu ehoro láti ṣiṣẹ́ eyín lágbára ju oríkèé náà lọ. Bí wọ́n bá fi tipátipá ṣí i, tí ehoro ti sùn tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀, oríkèé lè ya tàbí kó yẹ̀, ehoro á jí, kò ní jẹun, wọ́n á ní eyín tí wọ́n ṣe ló ń dùn ún. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣí ẹnu, kí wọ́n sì máa dẹ irin náà ní kọ̀ọ̀kan.

Ọyún lásán ni. Ṣé wọn ò lè gún un kó jáde?

Ọyún ehoro kì í ṣàn. Ó ki bíi wàràkàṣì, àpò líle sì máa ń hù yí i ká. Ẹ gún un, díẹ̀ á jáde, ihò á pa dé, ó tún kún. Kí eéwo orí ehoro tó san, àpò náà lódindi ló yẹ kí wọ́n yọ bí ó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú eyín tàbí egungun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á rán etí àpò náà mọ́ awọ kó lè wà ní ṣíṣí, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bó bá wá jẹ́ pé inú oríkèé ni ọyún wà, tí ó ti jẹ orí párì, yíyọ orí párì náà máa ń wà lára ohun tí a ń rò.

Ọ̀nà wo ni oníṣẹ́ abẹ ń gbà dé ibẹ̀? Kí ni kò gbọdọ̀ gé?

Láti ẹ̀gbẹ́ ni. Ehoro á fi ẹ̀gbẹ́ tó sàn sùn, wọ́n á fá irun láti abẹ́ ojú dé ìdí etí. Wọ́n á la awọ ní gbọọrọ lẹ́bàá ìsàlẹ̀ egungun òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní apá ẹ̀yìn rẹ̀. Awọ ehoro fẹ́lẹ́, iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ṣeé ya láìmọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ gbọdọ̀ falẹ̀.

Nááfù ojú, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí àwọn iṣan iwájú orí, ni ẹ̀rù àkọ́kọ́. Ó jáde láti ìsàlẹ̀ etí, ó pín, ẹ̀ka rẹ̀ méjì rọra gba orí masseter kọjá lọ sí ètè àti imú, ẹ̀ka mìíràn gòkè lọ sí ìpéǹpéjú àti etí. Ẹ gé ẹ̀ka ti ìpéǹpéjú, ehoro kò ní lè ṣẹ́jú mọ́. Ojú ńlá yẹn á gbẹ, á sì dégbò. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka ti ìsàlẹ̀, ètè á já, imú á wọ́. Kókó tó ń sun itọ́ wà lábẹ́ ìdí etí, ó fẹ́ bo ẹ̀yìn masseter. Ọ̀nà itọ́ rẹ̀ náà gba orí iṣan yìí kọjá. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ń gba iwájú etí gòkè, òmíràn ń gba abẹ́ egungun òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ síwájú. Àwọn wọ̀nyí ṣeé rí, ó ṣeé dì tàbí kí wọ́n rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tí wọ́n bá ti rí etí egungun, wọ́n á yọ díẹ̀ nínú ìdí masseter kúrò lára rẹ̀, kò ju ohun tí ojú nílò lọ. Àpò oríkèé á hàn, funfun, ó ń dán díẹ̀. Wọ́n á là á, dísìkì á hàn, orí párì á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbẹ́ egungun, pẹ̀lú omi tó ń tutù ú, ni wọ́n fi ń gé ọrùn orí párì. Ẹni tó bá lo òòlù níbẹ̀ lè fọ́ ohun tí kò wá.

Ẹ̀rù kejì wà ní apá inú, níbi tí ojú kò tó. Lẹ́yìn oríkèé sápá inú ni òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá párì àti nááfù párì ń gbà kọjá. Níwájú, lẹ́yìn ojú, àkójọ òpó ẹ̀jẹ̀ kan wà tó fẹ̀ tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí gbogbo ẹni tó ti yọ ojú ehoro rí mọ̀ dáadáa. Bó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á bo gbogbo ibẹ̀. Ehoro kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ṣe é fi ṣeré: bíi mílílítà 55 sí 65 fún kílò kan. Ehoro kílò méjì, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò ju ohun tó wà nínú ife tíì kékeré kan lọ. Nítorí náà ni irinṣẹ́ kò fi gbọdọ̀ kọjá egungun sápá inú, nítorí náà náà ni CT fi gbọdọ̀ ṣáájú, kí oníṣẹ́ abẹ mọ bí egungun ṣe nípọn tó kó tó fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n bá yọ orí párì ẹ̀gbẹ́ kan, ṣé ehoro á tún jẹun?

Ó lè jẹun. Ara á di ibẹ̀ pẹ̀lú ẹran àpá tó le, á dà bí oríkèé ayédèrú, iṣan á sì di párì mú. Àmọ́ párì kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, eyín lè má lọ ara wọn dọ́gba, torí náà dókítà á máa yẹ eyín wò títí lọ. Ẹni tí kò bá lè gbé ehoro wá fún àyẹ̀wò, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Ìpinnu tó máa jáde lè yàtọ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, fífún un ní oúnjẹ lílọ̀ pẹ̀lú sírínjì, oògùn ìrora bíi meloxicam, àti ibi gbígbóná ló ṣe kókó. Koríko kí ó wà níwájú rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti jí.

Ṣé kí n fi ebi pa á mọ́jú kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun?

Rárá o. Ehoro kì í bì. Ebi ìdákú bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá ìfun rẹ̀ dúró. Kí ẹnu rẹ̀ sáà mọ́ díẹ̀ ṣáájú oògùn, ó tán. Ohun tó ṣòro fún dókítà ni fífi páìpù sí ọ̀nà ọ̀fun, torí ẹnu fún, ahọ́n sì tóbi. Bí oríkèé kò bá tún ṣí, ìṣòro di méjì. Imú ni ehoro fi ń mí, nítorí náà imú tó dí ṣáájú iṣẹ́ abẹ jẹ́ ìdí láti sún un síwájú.

Mo ní Ampiclox nílé. Ṣé kí n tú u sínú omi fún un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ampicillin, amoxicillin, pẹnisílìn tó gba ẹnu, lincomycin àti clindamycin máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun ehoro, àwọn burúkú bíi Clostridium á gbalẹ̀, ehoro á ṣu omi, á kú. Pẹnisílìn kan náà tó lè pa á bó bá gba ẹnu, dókítà lè gún un sábẹ́ awọ. Enrofloxacin àti trimethoprim pẹ̀lú sulfa ni ehoro sábà máa ń gbà láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ọyún inú egungun nílò àyẹ̀wò láti mọ oògùn tí kòkòrò náà ń sá fún. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń tọ́jú ehoro yín ní ìwé ẹ̀rí Veterinary Council of Nigeria.

Èékánná ehoro ni mo fi nípà gé, mo tún fi gé eyín iwájú rẹ̀. Ṣé ó burú?

Nípà máa ń la eyín láti òkè dé ìdí. Ìlàsí yẹn ni kòkòrò ń gbà wọ inú egungun, eéwo á dé lẹ́yìn. Bí eyín iwájú bá gùn, gbẹ́gbẹ́ tó ń yí ni wọ́n fi ń gé e, lọ́wọ́ dókítà. Ẹ tún wo àwọn eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí eyín iwájú gígùn lè jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó wà lẹ́yìn.

Oúnjẹ ló ń dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó: ehoro á jẹ ẹ́ tán kíákíá, párì kò ní ṣiṣẹ́. Koríko tó ní okun, èyí tí a sá gbẹ tàbí eèsún tó ti gbó díẹ̀, ló yẹ kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ, kí ewé ọ̀dùnkún aládùn (sweet potato) àti igbálódè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń lo oríkèé ehoro láti wádìí ti ènìyàn?

Torí ó ní dísìkì, ó ní yàrá méjì, ó sì tóbi tó láti ṣiṣẹ́ abẹ sí, nígbà tí ti èkúté kéré jù. Wọ́n ti lò ó láti wo bí dísìkì tó lu ṣe ń san, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yọ dísìkì kúrò. Àmọ́ ehoro kì í jẹun bíi tiwa: párì rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, tiwa ń ṣí, ó ń pa dé. Nítorí náà, ohun tó san lára ehoro kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò san lára wa. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ká túbọ̀ mọ orí ehoro, tí ehoro aláìsàn sì wá ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ehoro títà ni mo ń sin, kì í ṣe ti ìfẹ́. Ṣé gbogbo èyí tọ́ sí i?

N kò ní parọ́ fún yín: bó bá jẹ́ ehoro ẹran ni, tí oríkèé ti ń sọyún, pípa rẹ̀ kíákíá láìjẹ́ kó jìyà lọ́gbọ́n ju iṣẹ́ abẹ lọ. Bí ẹ bá ti fún un ní oògùn, ẹ má jẹ ẹran rẹ̀, ẹ má sì tà á, títí ọjọ́ tí dókítà bá ní oògùn á ti kúrò lára rẹ̀. Ti akọ tàbí abo tí ẹ fi ń bímọ yàtọ̀. Bí oríkèé rẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí ìjàǹbá tàbí ọyún, tó sì ti san, kò sí ohun tó ní kó má bímọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé párì òkè rẹ̀ kúrú látìgbà ọmọdé, tí eyín iwájú kò fi pàdé, àbínibí ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́, àwọn òbí tí kò ní i lójú náà lè gbé e kalẹ̀ fún ọmọ. Ẹ yọ irú rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ẹ fi ń bímọ, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀ sínú ìwé.